Ìdákẹ́ Suwaibat

Ilé Bàbá Gbénró,
Ẹ̀yìn ọjà Boundary, Ajégúnlẹ̀.
3 oṣù Kejì, 2025.

Suwaibat Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará Sípéènì. Ṣé ara le? Ṣé ìyá arúgbó tí ò ń tọ́jú ń jẹun? Ṣé ìwọ náà ń jẹun? Mo ní kí n béèrè ni, torí nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, eegun ọrùn rẹ ló kọ́kọ́ kí mi kí ojú rẹ tó kí mi.

Àwa wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Máṣíìnì ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé kéú ni mo ń rán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí kò bá dùn kò rí nǹkan ṣe.

O máa ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Fóònù wo? Èyí tí etí rẹ̀ ti bàjẹ́, tó jẹ́ pé àfi kí n ṣí i sí gbangba kí n tó gbọ́ ohùn rẹ? Ìgbà tí o pè kẹ́yìn tí o ní inú ń run ọ́, mi ò tíì gbé fóònù kalẹ̀ tí Nneka fi kanlẹ̀kùn láti yàrá kejì: "Mama Suwe, tell am make e drink warm water." Ọ̀rọ̀ tí mo ní lónìí kì í ṣe ti Nneka. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo fi rán Kọ̀yà, tó ń bá wọn kó ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín wá sí Àpápá. Ó ní òun á fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra òun.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Alfa Àkànó wá sílé wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, òun, ìyàwó rẹ̀, àti Bàbá Gbénró, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Wọ́n ní Hussein ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ ọ. Hussein tí ẹ jọ ń lọ ilé kéú, tó máa ń sùn sórí wàláà. Ó ti di ọkùnrin báyìí o. Ó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, ó sì ti gba ilé sí Àpápá GRA, ilé tí igi máńgòrò wà níwájú rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ìyàwó orí fóònù. Bí wọ́n bá ti so yìgì, o máa kó ẹrù rẹ wálé.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Ṣé o rántí ọjọ́ tí bàbá rẹ kú? Omi òjò wọlé dé orúnkún. Àwọn onítírélà ẹgbẹ́ rẹ̀ ò rí ọ̀nà gbà kọjá ní Ijora. Ta ló ká ṣòkòtò sókè, tó la omi náà wọlé, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ Yínúsà, tó dì í, tó kírun sí i lára? Alfa Àkànó ni. Ojú rẹ ló ṣe.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu rẹ. Alfa rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu kẹ̀? Ó ní ẹ̀sìn wa ti là á kalẹ̀: ìdákẹ́ wúńdíá, gbígbà ni. Òótọ́ sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà. Wọ́n bi mí nítorí bàbá rẹ, mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mi ò fọhùn, wọ́n so yìgì. Torí náà, bí ọ̀rọ̀ yìí bá tẹ́ ọ lọ́rùn, tí ojú sì ń tì ọ́, má wulẹ̀ sọ nǹkan kan. Ó máa yé mi. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, sọ ọ́. Àmọ́ kí ló wà níbẹ̀ tí kò ní tẹ́ ọ lọ́rùn?

Tètè dá mi lóhùn. Kọ̀yà ń padà bọ̀ kí ààwẹ̀ tó mú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Sẹ̀kínátù.


Sevilla, Sípéènì.
26 oṣù Kejì, 2025.

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù bíi omi inú fíríìjì. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ẹ̀yìn dídùn, ẹ kú ìmúra ààwẹ̀. Kọ̀yà mú lẹ́tà yín dé, kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíì kàn án. Mo ń jẹun, Màámi. Ọrùn mi ti rí bẹ́ẹ̀ láti ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo lọ lọ́jọ́ Sátidé fún yín. Màmá Carmen, ìyá arúgbó tí mo ń tọ́jú, ní òun fẹ́ rí ilé tí wọ́n ti bí òun kí òun tó kú. Córdoba ni wọ́n ti bí i, ìlú àtijọ́ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa. A wọ ọkọ̀ ojú irin, èmi, òun, àti àga onítáyà rẹ̀. Ó wọ aṣọ tó dára jù, ó kun ètè, ó ní kí èmi náà kun ètè. Mo ní rárá. Ó ní ṣé ìyá mi ń wò mí ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Màámi, ẹ ò tíì rí irú ìlú bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ilé gogoro o. Ògiri funfun, fèrèsé onírin, ìkòkò òdòdó tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri látòkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró débi pé bí mo bá na apá méjèèjì, ìka mi á kan ilé ọ̀tún, á kan ilé òsì. Kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé wa ló wá sí mi lọ́kàn, àfi pé kò sí gọ́tà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó sá aṣọ. Òkúta róbótó róbótó ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Táyà àga ń há sáàárín wọn. Mo tì, mo fà, mo gbé. Nínú òtútù yẹn, òógùn bò mí. Màmá Carmen kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ní ibẹ̀ gan-an ni ìyá òun ti máa ń ṣubú.

Odò ńlá kan gba ẹ̀bá ìlú kọjá. Orúkọ tí àwọn Lárúbáwá sọ ọ́ ni wọ́n ṣì ń pè é, Wádíl-Kabír, àmọ́ ahọ́n Sípéènì ti lọ́ ọ mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ "kabír", ńlá, nínú rẹ̀, mo rántí pàṣán ilé kéú. Afárá òkúta kan dábùú odò náà, wọ́n ní ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Àwọn èèyàn sì ń gbà á kọjá o, wọ́n ń jẹ áísìkirimù lórí rẹ̀. Mo ní, háà, afárá tiwa ní Èkó, kí wọ́n tó ṣí i ni wọ́n ti ń tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà la wọ ibi tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Mọ́ṣáláṣí ni wọ́n kọ́ ọ, ó ti lé ní ẹgbẹ̀fà ọdún. Nígbà tí àwọn Kìrìsítẹ́nì gba ìlú, wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì wá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn sí àárín rẹ̀ gangan. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ló ṣì jẹ́ di òní. Igi ọsàn ló kún àgbàlá, èso wà lórí wọn, kò sí ẹni tó ń já a. Mo wọlé. Òpó, òpó, òpó. Wọ́n ní wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rin. Orí òpó kọ̀ọ̀kan la ti rí ògiri tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí wọ́n kùn ní pupa, funfun, pupa, funfun, títí ojú ò fi lè rí ìparí rẹ̀. Bí ẹ bá sún lọ sápá kan, òpó tún tò lọ́nà mìíràn.

Mo ti àga Màmá Carmen títí a fi dé iwájú míhírábù, ibi tí lèmọ́mù ti máa ń dúró kírun. Màámi, wúrà ni! Wọ́n fi wúrà kọ Kùránì yí i ká. Mo gbójú sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á, Bísímílláhì, lẹ́tà kan tẹ̀ lé ìkejì, mo sì rí i pé mo mọ̀ ọ́n kà. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ ìdí. Arákùnrin kan ló bá wa ya fọ́tò tí mo fi sínú àpò ìwé yìí.

A jẹun ọ̀sán. Ọbẹ̀ tòmátì ni wọ́n gbé wá, tútù, tí ẹnikẹ́ni ò gbé kaná rí, wọ́n gé ẹyin sórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa pariwo. Mo jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a rí ilé Màmá Carmen. Obìnrin tó ń gbé ibẹ̀ báyìí gbà á wọlé, wọ́n jókòó ti kọfí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ti kú. Mo ní kí n lọ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Mo yà sọ́tùn-ún, mo yà sósì, ni mo bá ṣìnà. Mi ò bẹ̀rù. Mo kàn ń rìn. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí, kò sí ẹni tó bi mí léèrè pé ibo lò ń lọ, kò sí ẹni tó sọ pé ọmọ Sẹ̀kínátù ti kọjá. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kí n tó rí ọ̀nà padà, Màmá Carmen sì bú mi dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ náà ṣe lọ o. Ààwẹ̀ ti dé tán. Ẹ fi mí sínú àdúà yín. Ẹ bá mi kí Bàbá Gbénró, ẹ bá mi kí Nneka.

Ọmọ yín,
Suwaibat.


Boundary, Ajégúnlẹ̀.
12 oṣù Kẹrin, 2025.

Ìyàwó! Ìyàwó! Ìyàwó!

Ṣé o jẹ́ mi lóhùn? Má dá mi lóhùn, jẹ́ kí ojú máa tì ọ́ lọ.

Mo gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ Kọ̀yà, mo tilẹ̀kùn, mo kà á. Mo ń wá Hussein nínú rẹ̀. Mo ka odò, mo ka òkúta, mo ka òpó, mi ò rí Hussein. Mo yí ìwé náà sẹ́yìn, kò sí. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín nìkan nínú yàrá. Mo ní ọmọ mi rèé, ọmọ tí mo kọ́ tó gbẹ̀kọ́! Ó fi ìlú Kọ́dóbà bojú bí ìyàwó ṣe ń fi ìborùn bojú.

Kí o wá rí iṣẹ́ tí fọ́tò yẹn ṣe. Mo mú un lọ fún Alfa Àkànó. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó ní, "Àńdálúsì!" Orúkọ tí àwọn Lárúbáwá fi ń pe ilẹ̀ yẹn nìyẹn. Suwaibat, àgbà ọkùnrin yẹn sunkún. Ó ní láti ìgbà èwe òun lòun ti ń ka ìtàn ibẹ̀ nínú ìwé Lárúbáwá, òun ò mọ̀ pé ọmọ Ajégúnlẹ̀ ló máa bá òun fojú rí i. Ó gbé e fún gbogbo èèyàn wò ní Àsálátù. Ó ní ọmọ tó wà láàárín àwọn Nàsárá, tó sì wá míhírábù rí, bí òun bá jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ Hussein lọ́wọ́, Ọlọ́hun á bi òun. Àwọn obìnrin tí kì í kí mi, wọ́n kí mi.

Wọ́n ti mú ọjọ́. Sunday, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà, lẹ́yìn Iléyá. O ò ní láti wá fún yìgì náà. Bàbá Gbénró ló máa dúró ní ipò bàbá rẹ. Wọ́n á kàn pè ọ́ lórí fóònù, Lèmọ́mù á bi ọ́ bó o ṣe ń ṣe, á bi ọ́ bóyá o gbà. Lẹ́yìn náà ni Hussein á fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́.

Ọbẹ̀ tútù yẹn, fi í sílẹ̀ fún wọn, jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ kí inú tún run ọ́. Má sì tún fi ìyá oníyàá sílẹ̀ kó o lọ máa rìn kiri. Ìyàwó ilé ni ọ́ báyìí.

Ìyá ìyàwó,
Sẹ̀kínátù.


Sevilla.
4 oṣù Karùn-ún, 2025.

Màámi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín tí kò ní dà bí ẹni ń fi ìkíni sá fún ọ̀rọ̀.

Mi ò gbà. Mi ò sọ pé mo gbà.

Mo mọ ohun tí ẹ sọ nínú lẹ́tà yín, pé bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn kí n sọ ọ́. Lẹ́tà náà wà nínú báàgì mi ní Córdoba láti àárọ̀ títí dalẹ́. Mo mú un jáde lórí afárá, mo tún dá a padà. Iwájú míhírábù tí Alfa ń sunkún lé lórí, ṣé ẹ mọ ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́hun fún níbẹ̀? Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ẹnu tí màá fi sọ fún yín. Kì í ṣe pé mo ṣìnà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màámi. Mi ò fẹ́ padà délé ni, torí mo mọ̀ pé bí mo bá délé, màá ní láti dá yín lóhùn. Mo rìn títí inú mi fi dùn. Inú mi dùn gan-an, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

Nígbà tí mo wá jókòó láti kọ̀wé, mo kọ gbogbo ohun tí mo rí, torí mi ò lè kọ nǹkan kan ṣoṣo yẹn. Ẹ̀rù yín ló bà mí.

Wọ́n ti gbà mí síbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, oṣù Kẹsàn-án la máa wọlé. Bí mo bá wálé wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò Hussein, ó ti tán nìyẹn. Hussein kò ṣẹ̀ mí. Alfa Àkànó, ọlá tó ṣe fún bàbá mi, mi ò ní gbàgbé láéláé. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni wọ́n máa fi san án?

Ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ọjọ́ ṣì jìnnà.

Suwaibat yín.


Boundary.
25 oṣù Karùn-ún, 2025.

Suwaibat,

Mo jókòó bí o ṣe ní kí n jókòó. Mi ò tíì lè dìde.

O ní kí n bá ọ sọ fún wọn. Èmi? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ẹnu tí mo fi jẹ oúnjẹ wọn lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, tí wọ́n ń pè mí ní àna? Mo ti sọ fún gbogbo Boundary. Wọ́n ti tẹ káàdì. Àwọn ẹbí bàbá rẹ ń bọ̀ láti Ìwó. Alfa Àkànó ti kun ilé rẹ̀ lọ́dà.

Mo là á fún ọ bí ẹni ń là á fọ́mọdé: bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, sọ ọ́. O wá kọ òpó ẹgbẹ̀rin sí mi! O lè ka òpó, o ò lè kọ "rárá"? Ẹ̀rù mi bà ọ́? Láti ìgbà wo? Ìgbà tí o ní o fẹ́ lọ Sípéènì, tí gbogbo ẹbí ní àgbẹdọ̀, ta ló ta ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀? Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani ló ṣe bẹ́ẹ̀?

O ní ṣé ìwọ ni wọ́n máa fi san án. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mi ò tún lè wo ibẹ̀ mọ́.

Mi ò fi lẹ́tà rẹ han ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní fi hàn. Ní ọjọ́ Sunday náà, fóònù á dún. Inú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti máa pè ọ́, wọ́n á gbé fóònù sẹ́nu màkíróò tó ń gbé ohùn síta, gbogbo ayé á máa gbọ́. Bí o bá fẹ́ dójú tì mí, fi ẹnu ara rẹ dójú tì mí. Má fi ìwé rán mi níṣẹ́ ìtìjú. Èmi ò lè jẹ́ ẹ.

Sẹ̀kínátù.


Sevilla.
11 oṣù Kẹfà, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ọdún Iléyá. Kọ̀yà pẹ́ kó tó dé.

Mo ti ka lẹ́tà yín. Màá gbé fóònù náà. Bí wọ́n bá bi mí, màá dáhùn.

Suwaibat.


Boundary, Ajégúnlẹ̀.
30 oṣù Kẹfà, 2025.

Suwaibat Àwẹ̀ró,

Láti ọjọ́ Sunday yẹn lo ti ń pè mí. Mo ń rí i. Mi ò gbé e torí mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, lápá kan.

Ìwọ ò rí wa lọ́jọ́ náà, ohùn lo gbọ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ. Mọ́ṣáláṣí kún. Àwọn ọkùnrin wà níwájú, àwa obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Hussein wọ agbádá funfun, ó ń wò bí ọmọ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bàbá Gbénró ti jókòó sípò. Wọ́n pè ọ́. O gbé e. Lèmọ́mù ní, "Suwaibat ọmọ Yínúsà, ṣé o yọ̀ǹda kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ fi ọ́ fún Hussein ọmọ Àkànó?" O ò fọhùn. Ó tún bi ọ́. O ò fọhùn. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ojú ń tì í, ojú ń tì í. Ó bi ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Màkíróò yẹn burú. Ó ń gbé gbogbo nǹkan síta. Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń mí. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí nọ́ọ̀sì bá ti gbé abẹ́rẹ́, ìwọ kì í sunkún bí àwọn ọmọ tó kù. O máa ń di mí láṣọ mú, wàá wá máa fa èémí sínú, wàá máa fa èémí sínú, o ò ní jẹ́ kó jáde. Èémí yẹn ni mo gbọ́. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ń gbọ́ ìtìjú. Èmi ń gbọ́ abẹ́rẹ́.

Lèmọ́mù ní, "Alihamudulilahi. Ìdákẹ́ rẹ̀, gbígbà ni." Wọ́n ti ń gbé ọwọ́ sókè fún àdúà fáátíhà.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ká aṣọ ìkélé. Mo ní, "Kò gbà." Ohùn mi kéré, wọn ò gbọ́. Mo wá kígbe. Mo ní, "Ẹ dúró! Ọmọ mi ò gbà! Ó ti sọ fún mi láti oṣù tó kọjá, èmi ni mo pa á mọ́ra!"

Ariwo tó sọ níbẹ̀, mi ò lè kọ ọ́ tán. Bàbá Gbénró ní ṣé orí mi pé. Obìnrin kan ní kí wọ́n mú mi jáde. Hussein bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi í sọ́wọ́, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde láìwo ẹnì kankan. Alfa Àkànó ò bú mi. Ìyẹn ló pa mí. Ó ní, "Sẹ̀kínátù, o jẹ́ kí n kó àwọn èèyàn jọ." Ó wá yíjú sí Lèmọ́mù, ó ní yìgì tí ọmọ ò bá yọ̀ǹda kò dúró, kí wọ́n gbé màkíróò kúrò níbẹ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wá kó yunifọ́ọ̀mù ilé kéú tí mo ti gé. Wọ́n gbé e fún aránṣọ mìíràn. Mi ò lọ Àsálátù lọ́sẹ̀ yìí. Bí mo bá kọjá, àwọn èèyàn á dákẹ́ títí màá fi kọjá tán.

Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Mo kọ ìyẹn síwájú kí n tó máa bínú. Torí mo ń bínú sí ọ o, Suwaibat! O ní o máa dáhùn. Ìwé rẹ wà lọ́wọ́ mi: "Bí wọ́n bá bi mí, màá dáhùn." Wọ́n bi ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ló dé tí o fi jẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo máa sọ "kò gbà" lójú gbogbo ayé, èmi tí mo sọ fún ọ pé mi ò lè jẹ́ iṣẹ́ yẹn? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kí ló dì ọ́ lẹ́nu?

Má fi òpó àti odò dá mi lóhùn. Sọ ọ́.

Ìyá rẹ.


Sevilla.
20 oṣù Keje, 2025.

Màámi,

Mo kúnlẹ̀, mi ò sì tíì dìde títí mo fi kọ èyí tán.

Ẹ ní kí n sọ ọ́. Kí fóònù tó dún lọ́jọ́ náà, mo ti sọ fún Màmá Carmen pé mo ń lọ. Mo ti kọ̀wé síbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n fún ẹlòmíì ní àyè mi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó sáré pè wọ́n pé kí wọ́n dá àyè náà padà fún mi. Àpótí mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó pè. Mo ti ka lẹ́tà yín ti oṣù Karùn-ún títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí, mo sì ti gbà pé mi ò ní jẹ́ kí ojú tì yín láàárín àwọn èèyàn yẹn.

Nígbà tí Lèmọ́mù bi mí lákọ̀ọ́kọ́, mo la ẹnu, kò jáde. Ẹ̀ẹ̀kejì, kò jáde. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo rọ́nà gbé e dé orí ahọ́n, mo sì ti fẹ́ sọ ọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe yín.

"Mo gbà" ni mo fẹ́ sọ, Màámi. Nítorí yín ni.

Suwaibat.